Ṣé Ká Gé Ẹsẹ̀ Tanímọ̀la?

Ilé tó ń sin ajá kò pọ̀ ní Sabon Zongo, níbi tí wọ́n bí wa sí nílùú Accra. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ládùúgbò náà, àwa náà sì jẹ́ Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n nígbà tí olè wọ agbo ilé wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, bàbá wa gbé ọmọ ajá kan wálé. Ó ní ẹ̀sìn kò kọ ajá tí a fi ń ṣọ́ ilé. Alsatian ni ìyá ajá náà, ajá ìgboro ni bàbá rẹ̀. Bàbá sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, torí nílẹ̀ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá, wọ́n máa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ. Màmá ní tirẹ̀ ṣe òfin: abọ́ ajá lọ́tọ̀, kò gbọdọ̀ wọ yàrá, kò sì gbọdọ̀ dé ibi ẹní ìkírun.

Ọdún 11 ni Tanímọ̀la fi ṣọ́ wa. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje ni Bàbá kú. Láti ìgbà náà, bí a bá rí i lẹ́nu géètì, ó máa ń dà bí ẹni pé nǹkan kan lára Bàbá ṣì ń ṣọ́ ilé. Èyí wà lára ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ le fún wa.

Aromọléegun ló kọ́kọ́ mú un ní ìbàdí. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ láàárọ̀, á pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú, a ní aromọléegun náà ló tún ti débẹ̀. Aládùúgbò kan ní ká fún un ní ibuprofen, díẹ̀ ló sì kù ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò: ibuprofen tí èèyàn ń lò lè dá egbò sí ajá nínú, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ yẹn wú, ó sì le bí òkúta. Takisí méjì kọ̀ láti gbé wa; ẹ̀kẹta gbà nígbà tí a tẹ́ àpò sẹ́yìn ọkọ̀. Dókítà ẹranko ya ẹ́síréè, ó ṣe àyẹ̀wò, ó sì sọ fún wa pé jẹjẹrẹ eegun ni.

Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní oògùn lè dín ìrora náà kù, ṣùgbọ́n kò ní mú un kúrò pátápátá, eegun tí jẹjẹrẹ ti jẹ sì lè ṣẹ́ nígbàkigbà. Gígé ẹsẹ̀ ló ń mú ìrora ibẹ̀ kúrò. Síbẹ̀, kì í sábà wo jẹjẹrẹ sàn, torí pé lára ọ̀pọ̀ ajá, ó ti máa ń tàn kí ẹ́síréè tó lè rí i. Ajá tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan sábà máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún sí i. Bí wọ́n bá fi oògùn jẹjẹrẹ kún un, ó lè tó oṣù 10 sí ọdún kan.

Nílé, ohùn wa kò ṣọ̀kan. Èyí àgbà nínú wa ní ká gé e, òun á wá owó. Èyí àbíkẹ́yìn fi fídíò ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń sáré hàn wá. Irọ́ kọ́, ọ̀pọ̀ ajá ló ń rìn dáadáa lẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

A padà sọ́dọ̀ dókítà, ó sì là wá lóye. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló ń gbé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwọ̀n ara ajá. Bí a bá gé ọ̀kan, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí mẹ́ta yòókù. Ó ya ẹ́síréè ìbàdí: oríkèé méjèèjì ti jẹ tán. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kúrò nílẹ̀. Ìdí Tanímọ̀la ń gbọ̀n, ó sì jókòó. Dókítà ní èyí nìkan kò tó láti fi pinnu, torí àwọn ajá kan máa ń kọ́ ọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú irú ìbàdí yẹn, òun kò lè ṣèlérí pé yóò lè dá dìde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá, tí kò fọwọ́ kan ajá náà rí, bi wá pé: "Ta lẹ fẹ́ gé ẹsẹ̀ yìí fún? Ṣé Tanímọ̀la ni, àbí bàbá yín?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ohun tí à ń bẹ̀rù ni pé bí ajá yìí bá lọ, á dà bí ìgbà tí Bàbá tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Ajá kò mọ ìyẹn. Ìrora ara rẹ̀ ló mọ̀.

A pinnu pé a ò ní gé e. Dókítà fún un ní oògùn ìrora tó jẹ́ ti ajá. A tẹ́ ẹní àtijọ́ sórí sìmẹ́ńtì kó má baà máa yọ̀. Màmá mú ìró rẹ̀ kan tó ti gbó wá, a sì ń fi gbé ìbàdí ajá náà bó bá fẹ́ dìde. Òun fúnra rẹ̀ di apá kan mú. Nígbà tí a ń wò ó, ó ní ṣé a ti gbàgbé hàdíìsì ọkùnrin tó fi bàtà bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ ni. Lẹ́yìn náà ló lọ ṣe àlùwàlá.

A fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta: kó jẹun, kó sùn lóru, kó wá pàdé wa ní géètì. Alaalẹ́ là ń kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà. Bí méjì nínú wọn bá ti kùnà fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, a ó pe dókítà. A kọ ọ́ sílẹ̀ torí a mọ̀ pé tó bá dọjọ́ náà, a ó máa wá àwáwí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló lò. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwáwí wà lẹ́nu wa lóòótọ́. Màmá tọ́ka sí kàlẹ́ńdà. Dókítà wá sílé, ó gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́nu géètì, lórí ìró Màmá, gbogbo wa sì wà níbẹ̀.

A ò sọ pé ohun tí a ṣe ni kí gbogbo ilé ṣe. Ká ní ajá ọdún mẹ́rin tí ìbàdí rẹ̀ dá ṣáṣá ni, à bá gé e. Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín, ẹ bi dókítà léèrè: ṣé àwọn ẹsẹ̀ yòókù lè gbé e? Ṣé ìrora yóò kúrò ni, àbí yóò kàn sún síbòmíì? Nínú ọjọ́ tó kù fún un, mélòó ni yóò fi máa tọ́jú ojú abẹ? Lẹ́yìn náà, ẹ wá bi ara yín ní ìbéèrè Màmá.