Àgbọ̀nrín Tí A Kò Sọ Ibùgbé Rẹ̀

Ní agbègbè wa, láti Savalou títí dé Bantè, bí ènìyàn bá fẹ́ fi èdè Faransé pe àgbọ̀nrín, “biche” ni yóò wí. Ọdẹ ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá olóúnjẹ tó ń ta ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ létí títì ń pè é bẹ́ẹ̀, àwa olùkọ́ pàápàá kì í sì í jiyàn. Síbẹ̀, “biche” gidi kò sí nílẹ̀ wa. Abo “cerf” ni, ẹranko tí ìwo akọ rẹ̀ máa ń já bọ́ lọ́dọọdún tí òmíràn a sì hù. Ní gbogbo Áfíríkà, ìhà àríwá nìkan, ní Tùnísíà àti Àlgéríà, ni irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Tiwa yìí, ìwo rẹ̀ kì í bọ́, akọ nìkan ló sì ń ní in. Àwọn onímọ̀ Faransé sọ ọ́ ní “guib harnaché”, nítorí àwọn ìlà funfun ara rẹ̀ tí ó dà bí okùn tí a fi di ẹṣin ní gàárì. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn ló dùn mọ́ wa jù: Tragelaphus scriptus. “Scriptus” túmọ̀ sí èyí tí a kọ nǹkan sí. Ẹranko tí a kọ̀wé sí lára! Olùkọ́ wo ni kò ní fẹ́ rí i?

Nínú kíláàsì seconde tí a ń kọ́, kò sí ọmọ tí kò mọ òwe àgbọ̀nrín èṣí tí ẹnìkan ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè ẹni tó ti fojú kan àgbọ̀nrín láàyè rí, ìka ọwọ́ kan tó láti ka àwọn tó nawọ́. Àwọn yòókù mọ̀ ọ́n ní gbígbẹ, ní dúdú, nínú àwo. Kò yani lẹ́nu. Ibi tó jẹ́ igbó nígbà èwe àwọn òbí wọn ti di oko kajú àti oko òwú. Igbó ìpamọ́ Agoua pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àdá àti iná ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ òfin tó dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́ ní Benin ti wà láti 2004. Èyí ló mú kí àwa olùkọ́ mẹ́ta pinnu pé a óò ya àgbọ̀nrín ní fọ́tò láàyè, nínú igbó rẹ̀, kí a sì gbé e kọ́ sára ògiri kíláàsì.

Ọjà Dantokpa ní Cotonou la ti ra ẹ̀rọ fọ́tò náà ní àlòkù, pẹ̀lú awò gígùn tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú. Ẹ̀rọ kọ́ ló ṣòro rí, bí kò ṣe ọgbọ́n ibi tí a óò gbé e sí, ọgbọ́n yẹn kò sì sí nínú ìwé tí a kà ní yunifásítì. Ọwọ́ ọdẹ ló wà. Bàbá ọdẹ kan ní abúlé kan lẹ́bàá Bantè gbà láti mú wa lọ, lẹ́yìn tí ó ti fi wá rẹ́rìn-ín tó.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ óò jí lóru, ẹ óò rìn nínú ọyẹ́, ẹ óò rí ẹran, ẹ kò sì ní gbé nǹkan kan bọ̀ wálé?”

Ohun tó kọ́ wa kò kéré. Kí a má fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀. Kí a má wọ aṣọ funfun. Eérú ló ń kó sínú àpò. Bí a bá dé ibì kan, a bù díẹ̀ láàárín ìka méjì, a jẹ́ kó fò. Ibi tí eérú bá fò lọ, ibẹ̀ ni òórùn wa ń lọ, a ó sì yà gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó fi ipa ẹsẹ̀ hàn wá nínú ẹrẹ̀ etí odò, pátákò méjì tó ṣe ṣóńṣó. Ó ní kí a fi etí ṣọ́nà ju ojú lọ, nítorí àgbọ̀nrín tí ẹ̀rù bá bà a máa gbó bí ajá.

Ẹnu yà á nígbà tí a ní a kò fẹ́ lo iná. Ọdẹ òru ni òun. Bí iná orí ọdẹ bá bá ojú àgbọ̀nrín pàdé, awọ kan lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ a dá ìmọ́lẹ̀ náà padà, ẹran a sì dúró bí ohun tí a kàn mọ́lẹ̀. A sọ ìtàn George Shiras fún un, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tó tún jẹ́ aṣòfin. Àwọn Ojibwe, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀, a máa gbé iná sínú ọkọ̀ ojú omi lóru láti fi pa “cerf” létí adágún. Shiras kọ́ ọgbọ́n yìí, ó fi ṣọdẹ. Nígbà tó yá, ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó fi ẹ̀rọ fọ́tò rọ́pò rẹ̀. Fọ́tò òru rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ wúrà níbi ìpàtẹ àgbáyé ti Paris ní 1900, National Geographic sì tẹ 74 nínú fọ́tò rẹ̀ jáde ní oṣù keje 1906. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: “Kí ni wọ́n wá ń jẹ nílé rẹ̀?” A kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè náà kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Owó ẹran ìgbẹ́ ló fi rán àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ilé-ìwé.

Àárọ̀ mẹ́rin la lọ lásán. Ní ti karùn-ún, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí Bàbá fọwọ́ kan èjìká wa. Abo kan yọ láàárín koríko, ó sì tẹ orí ba omi. Pupa ara rẹ̀ dà bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ kàn, àwọn àmì funfun rẹ̀ dà bí ẹfun tí a fi ìka tò. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, etí rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ olùkọ́ SVT, tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ń gbọ̀n. Fọ́tò mẹ́sàn-án ló rí yà kí ẹran náà tó wọgbó lọ. Mẹ́jọ jẹ́ òjìji lásán. Ẹyọ kan ló mọ́ kedere.

Nígbà tí a padà dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀ wá pé kí a fi fọ́tò náà sórí WhatsApp kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ṣùgbọ́n fọ́tò a máa sọ̀rọ̀. Èyí tí a bá fi fóònù yà lè gbé ìwọ̀n ibi tí a ti yà á pamọ́ sínú, débi pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò yóò dé etí odò láìbéèrè ọ̀nà. Ẹ̀rọ tiwa kò ní irú èyí, ṣùgbọ́n òkè kan hàn gbangba lẹ́yìn àgbọ̀nrín náà, kò sì sí ọmọ agbègbè wa tí kò lè dá a mọ̀. Ọmọ ilẹ̀ olókè ni wá. Òkè ni àdírẹ́sì wa.

Olùkọ́ Faransé ní bí a kò bá dárúkọ ibẹ̀, ta ni yóò dáàbò bò ó? Ọdún méjì sí i, wọn yóò gbin kajú dé etí omi. Olùkọ́ SVT ní òru kan ṣoṣo ti tó fún ìbọn. A jiyàn di ọ̀gànjọ́, àwọn méjèèjì ló sì ní ẹ̀tọ́. Nígbẹ̀yìn, a gé òkè náà kúrò nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló mú kó lẹ́wà. A sì lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts, a fi ẹnu sọ ibẹ̀ fún wọn. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ tí a fi ẹnu sọ fún ẹni tó yẹ sàn ju àwòrán tó ń kiri lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀yin òǹkàwé wa kò fi rí orúkọ odò náà níhìn-ín.

A tẹ ẹ̀dà kan fún Bàbá. Nígbà tí a sọ ìdí tí a fi gé òkè kúrò, ó rẹ́rìn-ín. “Èmi tí mo mú yín débẹ̀ ńkọ́?” Gbogbo wa dákẹ́. Ó gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú, ó wò ó pẹ́.

“Ọmọ rẹ̀ dà?”

A ní kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí koríko lápá òsì: etí kékeré méjì, tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti ewé gbígbẹ. Ó ní òun ti mọ̀ láti àárọ̀ kejì, láti ara ipa ẹsẹ̀, òun kò sì mú ìbọn dání mọ́ láti ìgbà náà.

Fọ́tò náà ti wà lára ògiri kíláàsì báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa dúró níwájú rẹ̀ nígbà ìsinmi, wọn a máa wá etí méjì náà. Àwọn mìíràn kò tí ì rí i.