Sípíkà Bàbá Mi ní Ìfisìn

Nígbà tí owó Údójì dé ní ọdún 1975, kò sí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ kò fi rà. Àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan kọ́ ilé dé ìdajì, àwọn mìíràn fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Bàbá mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ra ẹ̀rọ tí ń lu àwo orin, amplifier kan, àti sípíkà onígi méjì tí ilé iṣẹ́ Wharfedale ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá mi kò yé sọ ọ́ pé láti Ìbàdàn títí dé Ìfisìn-Èkìtì, orí itan ni bàbá mi gbé ọ̀kan nínú àpótí náà lé bí ẹni gbé ọmọ tuntun, àti pé òun tí òun pọn ọmọ gidi kò rí ẹni bá òun gba ẹrù.

Àpótí méjèèjì ṣì wà ní pálọ̀ wa títí di òní. Inú wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Ebenezer Obey lórí àwọn àwo Decca, inú wọn ni mo ti gbọ́ kọ́díọ̀nù I.K. Dairo. Bí orin bá ń lọ lọ́wọ́, a kì í sọ̀rọ̀. Bí gángan bá sì fọhùn, bàbá mi yóò dá wa lẹ́kun, yóò túmọ̀ ohun tí ìlù náà wí, yóò wá wo ojú wa bóyá ó yé wa.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn. Ó ní orin ti kú nínú àpótí náà. “Níbo ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà? Ta ni ó kó ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ?” Ó yí bọ́tìnnì tí ń gbé ohùn tín-ín-rín sókè títí ó fi dé òpin, síbẹ̀ kò tó o. Ìyá mi ní tirẹ̀ a máa dìde kúrò ní pálọ̀ bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ohùn náà ń gún òun létí. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ti bàbá mi nìkan ni mo sì mú lò.

Èmi ni mo fẹ́ràn títú ẹ̀rọ palẹ̀ nínú àwa ọmọ. Nígbà ọdún Kérésìmesì tí ó kọjá, mo gbé mítà àti irin tí a fi ń yọ́ òjé dání, mo wá sílé láti wo ohun tí ó ń ṣe sípíkà náà. Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ẹnu méjì ni ó ní. Èyí ńlá ni ohùn ìlù àti béèsì ń gbà jáde. Èyí kékeré, tí à ń pè ní túwítà, ni ti ohùn tín-ín-rín, irú bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àti ìró èékánná lára okùn gìtá. Pátákó kékeré kan tí ó fara sin sẹ́yìn wọn ni ó ń pín ohùn fún wọn. Crossover ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà bàbà tí a ká jọ, ni ó ń dènà ohùn tín-ín-rín kí ó má bàa dé ẹnu ńlá. Kàpásítọ̀ ni ó ń dènà ohùn ìlù kí ó má bàa dé túwítà, nítorí pé bí gbogbo agbára ìlù bá wọ inú túwítà, yóò jó. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ sípíkà ẹlẹ́nu méjì, ààlà náà máa ń wà láàárín ìgbọ̀nrìrì 2,000 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kọ́ìlì kì í tètè gbó. Kàpásítọ̀ ni ó ń gbó. Irú èyí tí wọ́n sábà ń lò ní àwọn ọdún 1970 ní omi kẹ́míkà díẹ̀ nínú. Ooru àti ọjọ́ orí a máa gbẹ omi náà, bí ó bá sì ti ń gbẹ, ìwọ̀n rẹ̀ yóò máa yí, òun fúnra rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí iná tí ó yẹ kí ó kọjá lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó ṣe é. Ta ni ó ń ṣe ẹ̀rọ tí ó ń ro ti àádọ́ta ọdún?

Mo tú ẹ̀yìn àpótí, mo ya àwòrán gbogbo wáyà kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun (ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má fo ìyẹn), mo sì wọn kàpásítọ̀ méjèèjì. Máíkírófárádì 6 ni wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ti àpótí òsì jẹ́ 6.3, kò sí àléébù níbẹ̀. Ti ọ̀tún ti di 9.1, ìdènà inú rẹ̀ sì ju ti èkejì lọ fíìfíì. Ó ti lọ. Ẹni tí ó gbọ́n ì bá ra tuntun olówó pọ́ọ́kú méjì, kí àpótí méjèèjì lè bára mu, kí ó sì lọ jẹun. Èmi ti ra àwọn ńláńlá tí wọ́n fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ká, irú èyí tí kì í gbẹ, láti ọjà Alábà ní Èkó. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àpò ìrẹsì kan.

Alẹ́ ọjọ́ náà, iná mànàmáná wà, a kò tan ẹ̀rọ amúnáwá. Mo fi àwo Obey sí i. Orí mi wú. Mo gbọ́ bí olórin ṣe ń mí, mo gbọ́ ìka lára okùn gìtá, mo ní àwọn elégbè jìnnà síra wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sọ fún gbogbo ilé pé ìyàtọ̀ náà dàbí ọ̀sán àti òru. Bàbá mi mi orí, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó wò mí títí, tí ó wá ní, “Etí rẹ ni ó ń gbọ́ ọ ni, àbí owó rẹ?”

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó sọ. Gilbert Briggs tí ó dá Wharfedale sílẹ̀ ní ọdún 1932 pàápàá kò ní kí àwọn ènìyàn gba òun gbọ́ lásán. Ní ọdún 1954 ó gbé sípíkà lọ sí gbọ̀ngàn Royal Festival Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1955 ó gbé e lọ sí Carnegie Hall ní New York. Ó kó àwọn olórin sórí ìtàgé, wọ́n kọrin lójú gbogbo ènìyàn, a sì tún lu àwo orin wọn, kí àwọn èrò lè gbọ́ méjèèjì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì dá ẹjọ́ fúnra wọn. Èmi wá ń fi ohun tí mo gbọ́ lálẹ́ wé ohun tí mo gbọ́ láàárọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ ọwọ́ ara mi.

Ọ̀fìn méjì ni ó wà lójú ọ̀nà yìí. Èkíní ni pé ìrántí etí kì í pẹ́. Ìró tí ó ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti ń ṣá lọ́kàn wa, ohun tí a fẹ́ ni a ó sì fi dí àyè rẹ̀. Èkejì ni pé bí ohùn bá fi díẹ̀ lọ sókè ju èkejì lọ, etí yóò ní ó dára jù, kò ní mọ̀ pé ó kàn pariwo jù ni. Kàpásítọ̀ oníke sì máa ń fi díẹ̀ gbé ohùn túwítà sókè, nítorí pé kò ní ìdènà inú bíi ti àtijọ́.

Mo mú pátákó àtijọ́, mo dá kàpásítọ̀ rẹ̀ padà sí i, mo gbé e síta àpótí, mo kọ́ tuntun sórí pákó mìíràn, mo sì fi súwíìṣì kan sáàárín wọn. Mo fi rẹ̀sísítọ̀ kékeré sí ọ̀nà túwítà tuntun títí ìwọ̀n ariwo méjèèjì fi dọ́gba lórí fóònù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 13, jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó ń ta owó ẹyọ kan sókè. Bí orí bá hàn, tuntun, bí ìdí bá hàn, àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń tẹ súwíìṣì nígbà gbogbo, kí ìró rẹ̀ má bàa tú àṣírí. Ìgbà 16 fún àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kàn ń méfò yóò gba bíi 8; kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ju bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní àpótí ọ̀tún, mo gba 16 nínú 16. Àtijọ́ ti kú lóòótọ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dàbí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Ní àpótí òsì, níbi tí kàpásítọ̀ àtijọ́ ṣì dára, mo gba 9. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, mo gba 7. Olówó ńlá náà kò yàtọ̀ sí arúgbó onímáíkírófárádì 6.3. Mo yọ rẹ̀sísítọ̀ kúrò kí n lè mọ̀, mo gba 13: ariwo díẹ̀ yẹn ni mo ti ń pè ní ọ̀sán àti òru. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dára pé kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ni ó ní òun náà fẹ́ jókòó. A gbé e síwájú àpótí ọ̀tún, níbi tí ìyá mi láti inú ilé ìdáná ti ń pariwo pé, “Àtijọ́ nìyẹn!” láìsí ẹni tí ó bi í. Bàbá mi fara balẹ̀, ó pa ojú dé, ó ń dáhùn bí olùkọ́. Nígbà tí a parí, ọmọ náà gbé ìwé wá fún mi, kò sọ̀rọ̀. 7 ni ó gba.

“Èló ni mo gbà?” Mo ní, “Ẹ gba 7, Bàbá.” Ó dákẹ́. Ó wá ní, “Nígbà náà, ẹ dá àpótí padà sáyè rẹ̀. Etí mi ni kí ẹ tú.”

Ohun tí ó tàn wá jẹ ni ìlù. A kò lè ronú pé etí ẹni tí ó ń túmọ̀ gángan láìkùnà ti ń kú. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ni ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ Yorùbá wà; bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ kì í sábà ju ìgbọ̀nrìrì 200 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnu ńlá ni gángan náà ń gbà fọhùn. Lókè ni “s”, “ṣ” àti “f” wà, níbi tí túwítà wà, ibẹ̀ sì ni ogbó ti kọ́kọ́ ń jẹ etí. Mo wá rántí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò dúró ṣọ́ ilé, tí bàbá mi bínú, tí ó ní kí ni ilé ṣe é tí ó fi fẹ́ fọ́ ọ. A rẹ́rìn-ín títí. A rò pé àwàdà ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní, mo wa mọ́tò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kò jìnnà sí wa. Wọ́n fi í sínú yàrá kékeré, wọ́n fi nǹkan bò ó létí, ó ń tẹ bọ́tìnnì bí ó bá ti gbọ́ ìró. Ìlà tí ó jáde sórí ìwé tẹ́jú láti apá òsì, ó wá ṣubú lápá ọ̀tún bí ọ̀nà tí ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Bàbá mi wò ó, ó wò mí. “Crossover tèmi nìyí?”

Ẹ̀rọ ìgbọ́ròó kékeré tí wọ́n fún un, kì í lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ìró ike omi àti ariwo ọmọdé kò jẹ́ kí òun gbọ́ ìwàásù. Bí ó bá fẹ́ gbọ́ orin nìkan ni ó ń fi í sétí. Alẹ́ tí ó kọ́kọ́ lò ó, mo fi àwo Obey kan náà sí i. Orin kò tíì dé ìdajì tí ó fi fọwọ́ bo etí, tí ó dìde, tí ó lọ sídìí amplifier, tí ó sì dá bọ́tìnnì tí ó wà lópin láti ọdún mẹ́rin padà sí àárín. Ó ní ta ni ó yí i débẹ̀. Ìyá mi fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọ̀dọ̀ wa, ó jókòó.