Ọ̀rẹ́ Tí Ọmọ Ẹni Kò Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni. Púpọ̀ nínú wa ló ń fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ, tó ń fi ilẹ̀ oko sílẹ̀, tó ń fi àpò Ifá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ? Lọ́jọ́ tí a bá lọ, tí ọmọ wa ò bá mọ ilé ọ̀rẹ́ wa, ọ̀rẹ́ náà ti bá wa lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ wà láàyè. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa wa, gbogbo àdéhùn tó wà láàárín wa, ó ti parí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, nígbà tí wọ́n gba ìsinmi ilé ìwé, tí àwa méjèèjì fi ọjọ́ mẹ́ta gba ọ̀nà Òkè-Ògùn lọ. Ọ̀rẹ́ méjì ni a lọ kí: ọ̀kan ní Ìsẹ́yìn, ọ̀kan ní Ṣakí.

Ìdí kejì wà níbẹ̀. Ọmọ náà ti ń tú ìdè Ifá kúrò lọ́rùn ọwọ́ kó tó wọ ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ mọ̀, èmi náà mọ̀, a ò bá a jà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni pé UNESCO ti kọ Ifá mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2008, ṣùgbọ́n ìyẹn ò gba ọmọ ọdún 15 sílẹ̀ nínú kíláàsì. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, ẹnu bàbá náà ni. Ọmọ ti mọ ohun tí bàbá máa sọ kí bàbá tó la ẹnu.

Ìbàdàn la ti gbéra, a gba Mọníyà. Kìlómítà 65 ni ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà nígbà tó ṣì jẹ́ kòtò àti gegele máa dúpẹ́ pé wọ́n tún un ṣe. Bí a ti ń lọ ni igbó ń ṣí sílẹ̀. Kòkó ò sí mọ́, ọ̀pẹ ń dín kù, koríko ń ga sí i, igi ń jìnnà síra wọn. Ó di ilẹ̀ ọ̀dàn. Àwọn òkìtì ọ̀gán dúró nínú oko iṣu bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ọmọ náà ti fi nǹkan sétí, orin ló ń gbọ́. Nígbà tó yá, ó yọ ọ́, ó ní, "Bàbá mi, ṣé Ògún alágbẹ̀dẹ ni wọ́n fi sọ ibí ní Òkè-Ògùn?"

Mo ní rárá, kó fi etí sí ohùn ọ̀rọ̀ náà. Ògún òrìṣà lohùn rẹ̀ gòkè nígbẹ̀yìn. Ògùn odò lohùn rẹ̀ wálẹ̀, òun náà ló gba Abẹ́òkúta kọjá. Apá òkè odò náà ni wọ́n ń pè ní Òkè-Ògùn. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló wà níbẹ̀ nínú 33 tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní. Ó ní, "Ohùn lásán ló yà wọ́n?" Mo ní ohùn ni Yorùbá, ohùn náà ni Ifá. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì fi nǹkan yẹn sétí mọ́ títí a fi dé Ìsẹ́yìn.

Ẹ̀yin tó ti dé Ìsẹ́yìn mọ̀ pé etí ló kọ́kọ́ ń mọ ìlú náà. Gbọ̀ngàn òfì la ń gbọ́ láti ìta, igi ń gbá igi. Ọ̀rẹ́ mi ọ̀hún, ahunṣọ ni, Àlàájì sì ni. Bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí nílé ìwé girama láàárín ọdún 1970 sí 1979. Nígbà tí a jáde, èmi lọ kọ́fá, òun padà sídìí òfì bàbá rẹ̀. Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀, Àlàájì gbé e dìde, ó ní kó wá jókòó ti òun.

Ó fi òwú gígùn tí wọ́n nà sílẹ̀ hàn án, tí òkúta wúwo dì mú lókèèrè. Bí aṣọ bá ti ń gùn sí i lọ́wọ́ ahunṣọ, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Aṣọ tó ń jáde ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n á gé e, wọ́n á rán an mọ́ra, kó tó di agbádá tàbí ìró. Ó fi ẹtù hàn án, tó dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ó fi sányán hàn án, èyí tí wọ́n ń rí òwú rẹ̀ látara kòkòrò inú igbó. Ó fi àlàárì pupa náà hàn án. Ọmọ náà jókòó sídìí òfì, okùn já lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àlàájì kàn ń so ó padà, kò bínú.

Nígbà tí a jẹun tán lálẹ́, àmàlà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n fi wàrà sí, Àlàájì wo ọwọ́ ọmọ náà. Ó ní, "Ìdè rẹ dà?" Ọmọ náà ní ó wà nínú báàgì. Mo rò pé Àlàájì máa gba ọ̀rọ̀ náà síbòmíràn. Ó ní, "Ṣé o mọ ẹni tó fi ìdè ọwọ́ bàbá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ jù nílé ìwé wa? Èmi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ tí gbogbo kíláàsì fi ń pè é. Lọ́jọ́ kan, ebi ń pa mí, nílé wa ò sí nǹkan. Bàbá rẹ bu oúnjẹ rẹ̀ sí méjì, ó gbé ìdajì fún mi, ò sọ̀rọ̀ kankan. Mo jẹ ẹ́. Ojú tì mí títí di ọ̀la. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fi ìdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ló máa bá jà."

Ẹ̀yin ará ilé, mi ò rántí oúnjẹ náà. Èmi gan-an ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ló tọ́jú rẹ̀ fún mi láti ọdún yìí wá. Ká ní mo sọ irú ìtàn yẹn fún ọmọ fúnra mi, ìyìn ara ẹni ló máa jọ.

Nídàájí, bí Àlàájì ṣe ń lọ kírun, ó ti ní kí wọ́n gbé omi tútù àti obì síwájú yàrá tí mo sùn. Ó mọ̀ pé màá fẹ́ kí orí mi àti Ifá mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ mi rí èyí náà. Kò sọ nǹkan kan.

A kúrò ní Ìsẹ́yìn, a dorí kọ Ṣakí. A kọjá Ìpàpó, a kọjá Òtu, a kọjá Tedé àti Àgọ́-Àrẹ. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ ti tẹ́jú tán, tí àpáta ńláńlá ń yọrí láàárín koríko. Igi èmì pọ̀ nínú oko, àgbẹ̀ ò jẹ́ gé e, torí ara èso rẹ̀ ni òrí tí àwa náà ń lò ti ń wá. Igi igbá tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn Fúlàní ń da màlúù kọjá, obìnrin wọn ń ta wàrà lẹ́bàá ọ̀nà.

Nítorí pé agbègbè Ṣakí ni Odò Ògùn ti ṣẹ̀, mo sọ ìtàn Yemọja fún un bí àwọn àgbà kan ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní Yemọja fẹ́ Òkèrè, ọba Ṣakí, orúkọ tí ọba ibẹ̀ ń jẹ́ títí dòní. Àdéhùn kan ló wà láàárín wọn: Òkèrè ò gbọdọ̀ fi ọmú Yemọja ṣe ẹlẹ́yà láé. Lọ́jọ́ kan, Òkèrè mutí yó, ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Yemọja bínú jáde, ó di odò, ó ń ṣàn lọ sí òkun. Òkèrè di òkè, ó fẹ́ dínà mọ́ ọn. Yemọja ké pe Ṣàngó, àrá la òkè náà sí méjì, odò rí ọ̀nà gbà.

Ọmọ náà ti gbé fóònù rẹ̀. Ó fi Iemanjá tí wọ́n ń bọ ní ìlú Salvador ní Bràsíl hàn mí, ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, tí èrò kún etí òkun, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń gbé òdòdó lé omi. Mo ní ní Kúbà, Yemayá ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Láti ilẹ̀ ibí yìí?" Mo ní odò yìí ló gbà dé òkun. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n gbé e sọdá. Ó wo ìta fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Bàbá mi, àdéhùn yẹn, ṣé kò sí ẹni tó jẹ́rìí sí i ni?"

Mi ò tíì sọ ohun tí a ń lọ ṣe ní Ṣakí fún un. Àfi bíi pé ó mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ti Ṣakí, awo ẹgbẹ́ mi ni. Lọ́dọ̀ olúwo kan náà la ti kọ́fá. A jọ pọnmi, a jọ gbálẹ̀, a jọ jẹ ẹgba nígbà tí ẹsẹ̀ Ifá bá fò wá lórí. Ní 1984, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìtùfá olúwo wa tán, àwa méjèèjì dúró lẹ́yìnkùlé, a bára wa sọ ọ́ pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni kó rí sí ìtùfá ẹnì kejì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìtùfá ni a fi ń ya awo tó lọ nípa sí àwọn awo tó kù, níbẹ̀ la sì ti ń mọ ibi tí ikin rẹ̀ máa gbà. Kò sí ẹlòmíràn pẹ̀lú wa lẹ́yìnkùlé yẹn.

Báyìí, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Orí àga ló wà láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò sí nínú ẹ̀sìn mọ́. Àkọ́bí rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí bàbá bá kú, babaláwo kankan ò ní wọlé.

A kí ara wa, "Àbọrú bọyè," "Àbọyè bọṣíṣẹ." Ó mú ọwọ́ ọmọ mi, kò tètè fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Ọdún 15 ni mo wà, Bàbá."

"Ó dára. Wàá ṣì wà láyé nígbà tí èmi àti bàbá rẹ ò bá sí. Jókòó, kó o gbọ́."

Ó sọ àdéhùn náà látòkè délẹ̀. Ó fi ibi tí àpò Ifá rẹ̀ fi kọ́ sára ògiri hàn án, ó ní kó wò ó, kó má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun pe àkọ́bí òun lórí fóònù, kí n sì jẹ́ kí ohùn jáde síta. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò ní kó o wá bọ Ifá. Ohun tí o gbà gbọ́, gbà á gbọ́. Ilẹ̀kùn ni mo ní kó o ṣí fún ọ̀rẹ́ mi."

Gbogbo ilé dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ta lẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí?" Ọmọ mi kí i, "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n." Ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sọ orúkọ mi. Ọkùnrin náà bi í kíláàsì tó wà, ó bi í bí ọ̀nà ṣe rí. Ó wá ní, "Bàbá, màá rò ó." Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyẹn títí mo fi ń kọ èyí.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọmọ mi ní, "Tí ẹ̀gbọ́n yẹn ò bá wá ṣílẹ̀kùn ńkọ́?" Mo ní, "O ti mọ ilé náà. O ti mọ ohùn rẹ̀, òun náà ti mọ tìẹ. Wàá bẹ̀ ẹ́." Ó ní òun ti gba nọ́ńbà rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá ló ń pe bàbá Ṣakí. Ìgbà mìíràn, àkọ́bí náà ló ń pe òun. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ní ti ìdè, ẹ má bi mí. Lọ́jọ́ mìíràn ó so ó, lọ́jọ́ mìíràn kò so ó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba. Ẹ má dúró di ọjọ́ ìsìnkú kí ọmọ yín tó mọ ọ̀rẹ́ yín. Ẹ mú wọn dání, kódà bí wọ́n bá ń kùn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ lọ́mọdé fún wọn, kí ẹ̀yin dákẹ́. Àdéhùn tó bá wà láàárín ẹ̀yin méjì, ẹ sọ ọ́ lójú ọmọ, torí ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì péré mọ̀, ikú ẹnì kan ti sọ ọ́ di ìdajì. Bí ọ̀rẹ́ náà bá sì jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn, ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀. Òun gan-an lè jẹ́ ẹni tí ọmọ yín máa gbà gbọ́.

Kí Ọ̀rúnmìlà dá ọ̀rẹ́ wa sí fún wa, kó sì fi wọ́n lé ọmọ wa lọ́wọ́. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.