Mo Wá Ìbọn Dé Àpápá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má jẹ́ kí àkọlé yìí bà yín lẹ́rù. Olùkọ́ ni mí. Ẹfun ìkọ̀wé àti pátákó dúdú ni irinṣẹ́ mi, n kò sì yin ìbọn rí láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi. Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ ni ó rán mi níṣẹ́, nítorí pé èmi ni akọ̀wé wọn, wọ́n sì gbà pé ẹni tí ó mọ̀wé ni kí ó lọ wádìí ohun tí òfin wí.

Ohun tí ó fa iṣẹ́ náà nìyí. Ní òru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, àwọn adigunjalè wọ àdúgbò wa, wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, wọ́n sì ṣá ọmọkùnrin tí ó ń sùn nínú ọ̀kan ládàá ní apá. Bàbá Ọdẹ tí ó ń ṣọ́ wa yin ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó dún dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ki òmíràn, àwọn olè ti dé ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí a péjọ ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, Yorùbá sọ̀rọ̀, Ìgbò sọ̀rọ̀, Ìjọ́ àti Ùròbò sọ̀rọ̀, gbogbo wa sì pàdé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì adàmọ̀dì tí Ajégúnlẹ̀ fi ń ṣe ìlú. Ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn já sí: kí á dá owó jọ, kí á ra ìbọn gidi fún Bàbá, èyí tí kò ní wọ́n jù, tí kò sì ní jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò máa dún. Wọ́n bi Bàbá pé irú wo ni ó fẹ́. Ó ní, "Irú èyí tí bàbá mi gbé ní Bọ́mà ni."

Ẹni tí kò bá mọ Ajégúnlẹ̀ lè rò pé orúkọ náà ń tan ènìyàn jẹ. Ajé gúnlẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n èbúté ni ó gúnlẹ̀ sí, kò sì tíì rìn dé ọ̀dọ̀ wa tán. Láti 1926 tí wọ́n ti ṣí èbúté Àpápá, ẹni tí ó bá fi ọ̀sán ru ẹrù níbẹ̀ ní láti rí ibi tí yóò sùn ní alẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ni ó rí i ní ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀ omi ni. Bí òjò oṣù kẹfà bá rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹni tí ó bá fẹ́ jáde ní láti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.

Ará Ìgbòho ní Òkè Ògùn ni Bàbá Ọdẹ, ó sì ti lé ní 70 ọdún. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ọkọ̀ òkun kó láti Èkó ní 1943 lọ sí Íńdíà, kí wọ́n tó wọ Bọ́mà lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà. Àfonífojì odò Kaladan ni wọ́n gbà lọ, níbi tí mọ́tò kò ti lè tẹ̀ lé wọn, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù wọn.

Ìbọn tí ìjọba fi lé e lọ́wọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Lee-Enfield. Lee ni orúkọ ẹni tí ó ronú kan bí irin inú rẹ̀ yóò ti máa ṣiṣẹ́. Enfield sì ni ibi tí ilé-iṣẹ́ ìbọn ọba wà ní ìhà àríwá London. Irin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìdè ilẹ̀kùn. Bí o bá gbé e sókè tí o fà á sẹ́yìn, èèpo ọta tí o yìn tán yóò fò jáde. Bí o bá tì í síwájú tí o tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọta mìíràn ti bọ́ sí ipò. Mẹ́wàá ni àpò rẹ̀ ń gbà. Bàbá Ọdẹ ti gbọ́ ìtàn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi lórí bẹ́ǹṣì: gbé e, fà á, tì í, tẹ̀ ẹ́. Ó ní bàbá òun a máa sọ pé omi gbígbóná ni àwọn fi ń fọ inú ìbọn náà lẹ́yìn ìjà kí ó má baà dípẹtà, kí àwọn tó fi okùn fa àkísà olóróró gba inú rẹ̀ kọjá, àti pé ìgò òróró kékeré kan wà nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ìdí igi rẹ̀. Ọmọ tí kò fojú kan ìbọn náà rí mọ ibi tí ìgò òróró rẹ̀ wà!

Nígbà tí ogun parí, bàbá náà dá ìbọn ọba padà, ó sì gba ilé lọ. Ṣakabùlà ni ó gbé lẹ́yìn náà títí ó fi kú, ó sì ń kùn sí i bí ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin tí ó wá gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ṣakabùlà yẹn gan-an ni Bàbá Ọdẹ jogún, òun náà ni ó ń gbé kiri àdúgbò wa lóru.

Mo bi í pé báwo ni ó ti rí láti ní in. Ó ní kò burú tó bí àwọn ènìyàn ti ń wí. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí kò lè tún un ṣe. Ẹtù rẹ̀ kò wọ́n. Ariwo rẹ̀ nìkan tó lé olè tí kò bá tíì mu igbó yó. Ṣùgbọ́n òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Ní Ìgbòho, orí àjà ni wọ́n ń fi ẹtù sí, èéfín ìdáná yóò sì máa yá a. Ní Ajégúnlẹ̀, inú yàrá kan ṣoṣo tí ògiri rẹ̀ ń làágùn ni ó ń gbé, inú ọ̀rá mẹ́ta ni ó sì ń di ẹtù rẹ̀ sí, síbẹ̀ ọ̀rinrin ń wọ̀ ọ́. Nínú òjò ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó fà á tí kò dún. Èyí tí ó tún burú ni kíkì. Ó fi hàn mí láìfi ẹtù gidi sí i, mo sì ń wo aago ọwọ́ mi: da ẹtù sí ẹnu rẹ̀, fi ọ̀pá gún un, da ọta sí i, tún un gún, gbé e padà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo ibi tí olè lè sá dé láàárín ìṣẹ́jú kan!

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo mú ọ̀nà Àpápá pọ̀n. Bọ́ńdìrì ni mo gbà kọjá, níbi tí àwọn oníṣòwò ti tẹ́ ẹja, aṣọ òkìrìkà àti bàtà sílẹ̀ dé ojú ọ̀nà. Ààlà ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ẹsẹ̀ ẹni sì mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n, nítorí bí o bá ti kọjá díẹ̀, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn yóò dínkù, tírélà yóò sì pọ̀ sí i. Àwọn tírélà tí wọ́n máa ń tò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lójú ọ̀nà èbúté ti dínkù láti 2021 tí ètò ìpè orí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní wọ́n ti tán kò gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ilé àtijọ́ tí igi ńláńlá bò, tí àwọn òyìnbó kọ́ fún ara wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo ti ń rí láti ọjọ́ pípẹ́ láìkà á sí. Òpópónà kan wà ní Àpápá tí à ń pè ní Burma Road. Bárékè kan sì wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Arakan, orúkọ ilẹ̀ tí odò Kaladan ti ń ṣàn. Orúkọ ogun bàbá Bàbá Ọdẹ wà lára ìlú, kò sì jìnnà sí ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń fi ṣakabùlà ṣọ́ òru.

Mo dé ilé ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí mo kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwé. Ó ti ṣọ́ ilé ìbọn ọlọ́pàá fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí mo ro ẹjọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó sì gbé ìwé òfin ìbọn ti 1959 jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àkójọ òfin 2004. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ka èyí fún ara yín."

Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin náà pín ìbọn sí. Àwọn tí ó léèwọ̀ ni àkọ́kọ́, tí ènìyàn kò lè ní láìjẹ́ pé Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí fúnra rẹ̀ fún un láṣẹ: ìbọn arọ̀jò ọta, àgbá, ìbọn ìléwọ́, àti ìbọn ológun tí ìwọ̀n ihò ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7.62 tàbí 9, tàbí íǹṣì .300 tàbí .303. Mo tún un kà. 303 ni ìbọn Lee-Enfield. Ìbọn tí ìjọba fi lé bàbá kan lọ́wọ́ ní 1943 pé kí ó lọ fi jà, òun ni òfin dárúkọ pé ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní. Ẹni tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ní dín ní ọdún 10.

Ọ̀nà kejì ni ìbọn tí Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún àwọn Ọlọ́pàá lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ rẹ̀: ìbọn ọdẹ oníkàtíríìjì tí kì í fi ẹ̀rọ ki ara rẹ̀, àti ìbọn ìdárayá tí ihò ẹnu rẹ̀ kò bá sí nínú àwọn tí mo kà sókè. Ọ̀nà kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí òun náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Nítorí náà lórí ìwé, ìbọn onírin fífà kò léèwọ̀ pátápátá. Èyí tí ihò ẹnu rẹ̀ bá kéré lè rí àṣẹ gbà.

Ọ̀gá náà sọ fún mi pé ní òkè òkun ọ̀rọ̀ náà kò rí báyìí. Lẹ́yìn ogun Hitler, wọ́n ta ọ̀kẹ́ àìmọye Lee-Enfield ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn ọdẹ Kánádà àti Amẹ́ríkà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ yìnyín ní Kánádà gbé e láti 1947, nítorí pé òtútù kì í dí irin rẹ̀, ó sì di nǹkan bí 2018 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Amẹ́ríkà sì ń ṣe irú ìbọn onírin fífà fún tálákà títí di òní: Savage Axis àti Ruger American wà lára wọn. Ọ̀kan nínú ọta tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ fẹ́ràn jù ni .308, àmọ́ ìbejì 7.62 ni, bí ó bá sì dé Àpápá, inú èèwọ̀ ni yóò bọ́ sí.

Mo wá bi í léèrè ohun tí ẹnìkan sọ ní ìpàdé wa, tí n kò kọ sínú ìwé ìpàdé. Ọkùnrin kan ní òun mọ onítírélà tí ó lè bá wa rí pump-action ní owó tí kò pọ̀. Ojú ọ̀gá yìí yí padà. Ó ní, "Ṣé ẹ ti gbàgbé 2017 ni?" Ó kà wọ́n fún mi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù mú kọ̀ńténà kan ní ọ̀nà Mile 2 sí Àpápá, ìbọn pump-action 661 ni ó wà lẹ́yìn àwọn ilẹ̀kùn irin tí wọ́n fi bò ó. Ní oṣù karùn-ún, 440 ní Tin Can Island. Ní oṣù kẹsàn-án, 1,100, lẹ́yìn rẹ̀ 470. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,671 nínú ọdún kan. Ṣáájú èyí, ní 2010, kọ̀ńténà 13 tí ó kún fún ohun ìjà láti Íráànì ni wọ́n ká mọ́ èbúté Àpápá, tí wọ́n ti kọ sínú ìwé pé ohun èlò ilé kíkọ́ ni. Pump-action wà nínú èèwọ̀ pátápátá. Ó ní, "Èyí tí wọ́n bá fi tà fún yín ní ọ̀pọ̀, ẹ̀wọ̀n Bàbá ni ó fà á tí ó fi pọ̀."

Mo dúpẹ́, mo sì dìde. Ó pè mí padà ní ẹnu ọ̀nà, ó fi ìka tọ́ ojú ewé kan. Òfin ní a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tó ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó láti lo ìbọn náà. Èyí tí ó gbẹ̀yìn ni ìka rẹ̀ dúró lé. Ó ní, "Bàbá yín ńkọ́?"

N kò dáhùn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Ọdẹ ti kí mi ní orúkọ ẹlòmíràn ní ọ̀sán gangan.

Ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn náà gbóná. Nígbà tí mo ka ohun tí òfin wí fún wọn, àwọn kan ní òfin kò gbé Ajégúnlẹ̀. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣá ọmọ rẹ̀ dìde, ó ní bí ó bá jẹ́ pé pump-action ni Bàbá yìn ní òru yẹn, nínú òjò, pẹ̀lú ojú yẹn, ta ni ó mọ ẹni tí ọta ìkarùn-ún ìbá bà? Ọmọ òun wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Láti ìgbà náà ẹnikẹ́ni kò tún dárúkọ onítírélà mọ́. Bàbá Ọdẹ nìkan ni inú bí. Ó ní òun ti ń ṣọ́ wa kí èmi tó gbọ́njú, ṣé dókítà ni yóò wá sọ fún òun pé òun ń ríran? Èmi náà gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ìtìjú kékeré kọ́ ni pé kí á kà irú ẹ̀ lójú ọmọdé sí ara ẹni. A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ ẹ́.

Owó tí a dá jọ ni a fi ṣe géètì irin sí orí àdúgbò, a fi iná olóòrùn mẹ́rin kọ́, a sì gba ọ̀dọ́kùnrin méjì tí wọ́n ní fèrè àti tọ́ọ̀ṣì kí wọ́n máa bá Bàbá rìn. Ìyókù ni a fi sílẹ̀ fún ojú rẹ̀. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ẹ̀yà funfun tí ó bo ojú ọ̀tún ṣeé mú kúrò, kí ó padà wá ní oṣù tí ń bọ̀. Ìwé àṣẹ ṣakabùlà rẹ̀ ni mo ń bá a tọ́jú lọ́wọ́ báyìí, torí pé ti bàbá rẹ̀ ni ó ṣì wà nínú àpótí rẹ̀.