Wọ́n Ní Ìgbéraga Ló Pa Kúrunmí

Ọmọ àbúrò mi kan ń múra ìdánwò, mo sì ń bá a yẹ nóòtù rẹ̀ wò. Olùkọ́ ti ní kí wọ́n pín ojú ìwé sí méjì. Lápá òsì, orúkọ àwọn akọni inú eré Gíríìkì àtijọ́ àti àwọn tí Ọlá Rótìmí fi ṣe eré nílé. Lápá ọ̀tún, ìwà tó pa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oedipus: ìbínú. Creon: agídí. Ọdẹwálé: ìbínú. Kúrunmí: ìgbéraga. Ó tán. Ọmọ náà ti há a sórí, kò sì ní í ṣì í. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà há sí lọ́fun.

Mo mọ Ìjàyè, ìlú Kúrunmí. Ẹni tó bá gba Ọjọ̀ọ́ jáde n'Ìbàdàn, tó kọjá Mòníyà, tó dorí kọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn, yóò kan Ìjàyè Orílé ní ìjọba ìbílẹ̀ Akinyẹlé. Wọ́n ti tún ọ̀nà yẹn ṣe, ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ ń sáré lórí rẹ̀, èrò inú ọkọ̀ kì í sì í sábà bojú wòta. Kò sóhun tí yóò sọ fún àlejò pé ìlú tó ń bá Ìbàdàn figagbága nìyí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, èèyàn méjì ló fa ààbò ilẹ̀ lé lọ́wọ́: ó fi Olúyọ̀lé Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò.

Àwọn nǹkan mélòó kan ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè. Ogún obìnrin olówó kan tó kú láìní àrólé wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Òkè Ògùn tí ojú ń wọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oyè ni Kúrunmí gbé síwájú. Nínú àṣà Ọ̀yọ́ àtijọ́, Àrẹ̀mọ máa ń bá baba rẹ̀ ṣàkóso. Bí ọba bá wàjà, Àrẹ̀mọ náà yóò kú. Kí Àtìbà tó wàjà ní 1859, ó yí i padà, ó ní kí Adélù ọmọ òun jọba. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí ní a kì í ṣe é.

Ta ló wá gbéraga níbẹ̀? Ṣé ẹni tó ní kí àṣà tí gbogbo Ọ̀yọ́ mọ̀ dúró ni, àbí ẹni tó yí i padà nítorí ọmọ tirẹ̀? Sophocles ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré ní nǹkan bí 441 kí wọ́n tó bí Jésù. Ọba Creon pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú Polyneices. Antigone, àbúrò òkú náà, ní òfin àwọn òrìṣà ju àṣẹ ọba lọ, ó bu yẹ̀pẹ̀ sórí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fẹ̀mí dí i. Nínú nóòtù yẹn, ẹni rere ni Antigone. Kúrunmí sọ ohun tó jọ tirẹ̀ gan-an, pé ohun tí àwọn baba fi lélẹ̀ ju àṣẹ ọba kan lọ. Kí ló wá sọ tirẹ̀ di ìgbéraga?

Mo mọ èsì tí wọn yóò fún mi: aninilára ni. Òótọ́ ni. Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, kò bò ó pé Kúrunmí kò jẹ́ kí olóyè kankan lágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ní Ìjàyè. Òun ni ọba, òun ni adájọ́, ọ̀rọ̀ òrìṣà pàápàá ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ẹnu Antigone ló fi ń sọ̀rọ̀, ìwà Creon ló ń hù. Bóyá ohun tó mú Rótìmí fi í ṣe eré ní 1969 nìyẹn, ọdún kan lẹ́yìn tó ti gbé ìtàn Oedipus wọ aṣọ Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀. Aristotle náà ní akọni irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni rere pátápátá, kì í sì í ṣe ìkà. Àṣìṣe kan ní í gbé e ṣubú. Ẹni tó ṣe àṣìṣe lè jẹ́ èmi, ó lè jẹ́ ìwọ. Apá ọ̀tún ojú ìwé kò gba irú ìyẹn.

Ibi tí mo bá a dé rèé nígbà tí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti dolóògbé, já wọ ọ̀rọ̀ náà láìpè wọ́n.

Abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn, ní Lágelú, ni wọ́n ń gbé. Ẹbí fi ẹni tí Bàbá Àgbà jù lọ fíìfíì jẹ mógàjí agboolé wa. Kò kàn án, gbogbo ẹbí ló mọ̀. Wọ́n kàn ní kí a gbà á bẹ́ẹ̀ kílé lè tòrò. Bàbá Àgbà ní àwọn ò gbà. Wọn ò yọjú sí ìpàdé ẹbí mọ́ títí wọ́n fi kú. Mo wà níbẹ̀, ọmọdé ni mí, lọ́jọ́ tí àkọ́bí wọn mú ìwé ilẹ̀ kan wá. Mógàjí ní láti fọwọ́ sí i kí ọmọ náà tó lè gba ìpín tirẹ̀ nínú ilẹ̀ ẹbí. Kò ní kí bàbá bá òun lọ. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda òun. Bàbá Àgbà ń sá kòkó. Wọ́n ń fọwọ́ tú u lórí ẹní, wọ́n ń ṣa èyí tó ti hu funfun sápá kan. Wọn ò gbójú sókè. "Ẹni tí n ò mọ̀ ní mógàjí, òun ni yóò fọwọ́ síwèé fún ọmọ mi?" Ẹ̀gbọ́n mi ká ìwé náà, ó tún un ká, ó tì í bọ àpò. Ó wá jókòó, ó bá wọn ṣa kòkó.

Ilẹ̀ yẹn ti di ti ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbélé onílé n'Ìbàdàn dòní. Nígbà ìsìnkú, ohun tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ni pé Bàbá ò gba ìgbàkugbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ń wo àkọ́bí náà bó ṣe ń gbé kúlà omi kiri láàárín àlejò.

Èyí ló jẹ́ kí n rí i pé ibì kan náà ni èmi àti olùkọ́ yẹn tẹjú mọ́. Kúrunmí ni a jọ ń wò: ṣé ó gbéraga, ṣé kò gbéraga. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ó jàre. Jíjàre yẹn gan-an ló wu Ìjàyè léwu. Ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi a máa bẹ̀bẹ̀ bí ebi bá dé. Ẹni tó jàre kì í rọ́nà padà sẹ́yìn. Wọ́n ní wọ́n gbé ère ìbejì kalẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀tù àti ọta ìbọn sí i, kó mú èyí tó bá fẹ́, àlàáfíà tàbí ogun. Ó mú ẹ̀tù àti ọta. Ní gbogbo bí mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, n ò gbọ́ ọ rí pé ó bi àwọn obìnrin Ìjàyè léèrè èyí tí àwọn ì bá mú.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, lọ́ra. Ògúnmọ́lá, olórí ogun Ìbàdàn mìíràn, ò lọ́ra. Ẹ̀gbá wá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ọmọkùnrin Kúrunmí márùn-ún bógun lọ. Ebi wọ̀lú débi pé àwọn òbí ń kó ọmọ wọn fún àwọn òyìnbó ìjọ Onítẹ̀bọmi kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ, wọ́n sì kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta nígbà tó yá. Ẹ wo àṣà tí Kúrunmí torí ẹ̀ jà: ikú ọmọ ọlọ́mọ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Ó fi márùn-ún tirẹ̀ san án, ó fi ọmọ àwọn ẹlòmíràn kún un láìkà. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1861, kò dúró rí ìparí. Oṣù Kẹta 1862 ni Ìbàdàn wọ Ìjàyè.

Nínú eré àwọn Gíríìkì, àwọn elégbè kì í sábà kúrò lójú agbo. Nínú eré Oedipus àti ti Antigone, àgbà ìlú ni wọ́n. Wọ́n á kọrin, wọ́n á bẹ̀rù, wọ́n á kìlọ̀, akọni ò sì ní í gbọ́. Lẹ́yìn tí Oedipus ti fọ́ ara rẹ̀ lójú, tí ọmọ Creon àti aya rẹ̀ ti kú, àwọn elégbè ṣì wà níbẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kí wọ́n tó wọlé lọ. Àwọn tí ì bá gberin ní Ìjàyè ò nílé tí wọ́n máa wọ̀. Wọ́n kó àwọn kan lẹ́rú, àwọn kan sá, àwọn kan di ará Ìbàdàn, ìlú tó kó wọn.

N ò ní í pe Kúrunmí ní agbéraga. Ẹjọ́ tí mo bá a ní jùyẹn lọ: nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ná. Adélù tó ní kò gbọdọ̀ jọba ṣì lo ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ lórí oyè lẹ́yìn tí Ìjàyè ti di ahoro.