Afẹ́fẹ́ Fẹ́ ní Windy Hill

Ẹni tó bá dé ìlú Melbourne ní Ọsirélíà, kó yà sí àdúgbò Essendon. Pápá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Windy Hill, ìyẹn Òkè Ẹlẹ́fùúùfù. Bọ́ọ̀lù tiwọn rí bí ẹyin. Wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá a, wọ́n sì ń fọwọ́ mú un.

Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ aláṣọ dúdú òun pupa ti ń gbáradì lọ́dún 2012, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ṣètò abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọ wọn, kára wọn lè le. Lọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́. Títí di oṣù kẹta ọdún 2015, ìdájọ́ ọmọ 34 ni gbogbo ẹnu ń sọ. Àwọn kan ní, "Wọn ò ní jẹ̀bi. Ohun tí ọ̀gá bá ní kó o gbà, ṣé wàá kọ̀ ọ́ ni?" Àwọn mìíràn ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ta ló lara? Ṣé wọn ò lẹ́nu láti fi bèèrè ni?"

Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù náà, ìgbìmọ̀ ní ẹ̀rí ò tó. Ayọ̀ dé! Àṣé ẹjọ́ ò tí ì parí. Àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn eléèwọ̀ nínú eré ìdárayá pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé dá gbogbo àwọn 34 lẹ́bi. Àwọn tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú wọn ò fẹsẹ̀ kan pápá lọ́dún yẹn. Jobe Watson, balógun wọn, pàdánù àmì-ẹ̀yẹ Brownlow tó gbà ní 2012.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, kí ọ̀gá tó ki nǹkan bọ̀ yín lára, ẹ bèèrè. Abéèrè kì í ṣìnà.