Bí Hítà Mọ́tò Bá Ń Fẹ́ Tútù

Hítà inú mọ́tò kò ní iná tirẹ̀. Ooru tí ẹ́ńjìnnì kò rí lò ló ń ṣà jẹ. Nínú agbára tó wà nínú bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì ń jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ń di ìrìn. Ìyókù di ooru, apá kan bá èéfín jáde, apá kan wọnú omi tó yí ẹ́ńjìnnì ká. Páǹpù ló ń ti omi yìí kiri. Bí ó ti ń lọ tutù ní rédíétọ̀ iwájú, bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba inú róbà kan lọ sẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, níbi tí rédíétọ̀ kékeré kan fara pamọ́ sí, róbà kejì á sì dá a padà. Fáànù á fẹ́ atẹ́gùn gba àárín rédíétọ̀ kékeré náà, yóò sì dé ẹsẹ̀ awakọ̀ ní gbígbóná. Bí hítà bá wá ń fẹ́ tútù, ipa omi ni kí a tọ̀ títí a ó fi kan ibi tí ooru ti já.

Ní Ìbàdàn, ọkọ̀ lè lo ọdún mẹ́wàá láìsí ẹni tó tan hítà rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ń wakọ̀ ní Chicago lóṣù Ṣẹ́rẹ́ kì í pẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ìgbádùn: atẹ́gùn yìí kan náà ló ń yọ́ yìnyín ojú gíláàsì, tó sì ń gbẹ èémí tó bò ó nínú. Ọkọ̀ tí hítà rẹ̀ kú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí wọ́n di awakọ̀ rẹ̀ lójú.

Kí ó dájú ná pé atẹ́gùn ń jáde. Bí kò bá sí rárá, fíúsì tàbí mọ́tò fáànù ni. Bí ó bá ń fẹ́ ní nọ́ńbà tó ga jù nìkan, rẹ̀sístọ̀ rẹ̀ ló jó. Iṣẹ́ rìwáyà nìyẹn.

Bí atẹ́gùn bá ń jáde dáadáa àmọ́ tó tutù, omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, ní àárọ̀ kùtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá. Omi inú ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè kọjá ìwọ̀n 100 Celsius láì hó, nítorí pé ìdérí há a mọ́. Ẹni tó bá ṣí i nígbà náà, ojú àti ọwọ́ ló máa fi gbà á. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rédíétọ̀ hítà wà lókè díẹ̀, nítorí náà bí omi bá ń dín, òun ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Hítà tó ṣàdédé tutù lójú títì nígbà tí gèéjì ooru ẹ́ńjìnnì ń gòkè kì í ṣe hítà tó bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo pé òùngbẹ ń gbẹ òun, kí awakọ̀ yà sẹ́bàá ọ̀nà ló kù.

Omi kì í dédé lọ. Bí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ èrò iwájú bá rin, tí òórùn dídùn bíi ti ṣúgà ń tú jáde nínú ọkọ̀, rédíétọ̀ hítà fúnra rẹ̀ ló ń jò. Bí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ bá gbẹ, tí èéfín funfun kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Bíbu omi kún un lójoojúmọ́ kò lè wò ó.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú róbà náà ń ṣe bíi ti omi tó dín. Hítà á gbóná bí awakọ̀ bá tẹ iná, á tutù bó bá dúró ní tráfíìkì, nǹkan á sì máa dún kùlùkùlù lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ omi. Wọ́n á gbé imú ọkọ̀ sókè gegele, wọ́n á ṣí ìdérí kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, wọ́n á yí hítà dé ibi tó gbóná jù, ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣiṣẹ́ títí afẹ́fẹ́ á fi jáde tán.

Bí omi bá kún, ó kan gèéjì. Tẹmọ́sítáàtì ni ilẹ̀kùn tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ iwájú. Ìda wà nínú rẹ̀ tó ń wú bí ooru bá mú un, tó sì ń ti ilẹ̀kùn náà ṣí, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láàárín ìwọ̀n 82 sí 95. Bí ó bá há ní ṣíṣí, omi á máa sáré lọ tutù láìdúró. Gèéjì kò ní dé ibi tó máa ń dúró sí, yóò sì tún wálẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń sáré lọ́nà márosẹ̀. Bí wọ́n bá so kọ̀ǹpútà mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kóòdù P0128 ló sábà máa ń gbé jáde.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ tẹmọ́sítáàtì dànù kí ọkọ̀ má baà gbóná jù. Oòrùn ilé ló ń bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bèèrè hítà. Síbẹ̀, epo ń lọ lábẹ́lẹ̀: kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rò pé ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná, ó sì ń fún un lépo ju bó ti yẹ lọ. Rédíétọ̀ tó dí tàbí fáànù tí kò yí ló yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ọgbọ́n kejì tí àwọn awakọ̀ ń dá, pé kí wọ́n tan hítà bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, péye ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òógùn ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀.

Bí gèéjì bá wà níbi tó yẹ tí hítà ṣì tutù, kí wọ́n rọra fọwọ́ kan róbà méjèèjì tó ń lọ sẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, rédíétọ̀ hítà ti dí, tàbí kí fáàfù ojú ọ̀nà rẹ̀ má ṣí. Omi lásán tó ń mú irin dípẹtà, kúláńtì oríṣi méjì tí kò bára mu, àti oògùn tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ láti fi dí ihò ló sábà máa ń fà á. Wọ́n lè fi omi tí kò lágbára jù fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá. Bí ìyẹn kò bá ràn án, pípààrọ̀ ló kù, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì rèé, gbogbo dáṣíbọọ̀dù ló gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì kan fi ń so róbà méjèèjì pọ̀, tí omi kì í dé ọ̀dọ̀ hítà mọ́. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ àlòkù bẹ́ẹ̀ lè pààrọ̀ nǹkan bíi mẹ́ta kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò dáadáa.

Bí róbà méjèèjì bá gbóná, ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ tó ń pín atẹ́gùn sí tútù àti gbígbóná ló há. Mọ́tò kékeré ló ń yí i nínú ọkọ̀ òde òní. Bí eyín rẹ̀ bá kán, á máa dún ta-ta-ta nígbàkúgbà tí wọ́n bá yí bọ́tìnì.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ètò yìí bá mu. Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ kò ní omi rárá. Atẹ́gùn tó gba ara páìpù èéfín ló ń gbé ooru wá, ìpẹtà abẹ́ ẹnu ọ̀nà sì lè jẹ́ kí ó tú sọnù lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ oníná kò ní ooru ìdànù tó tó nǹkan: iná bátìrì ni Nissan Leaf àkọ́kọ́ fi ń gbóná, Tesla Model Y sì ń fi ẹ̀rọ tó ń ṣe òdìkejì iṣẹ́ AC fa ooru wọlé láti ìta. Àyẹ̀wò ti àwọn ọkọ̀ oníná yìí bẹ̀rẹ̀ láti ara kọ̀ǹpútà, ó sì dúró síbi wáyà aláwọ̀ ọsàn tó gbé iná ńlá, èyí tí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.